Ẹni Tí A Ń Gbé Ni Yóò Kà

Bí ènìyàn bá yọjú sí gbọ̀ngàn kékeré tó wà lẹ́yìn ilé búrẹ́dì láàárọ̀, yóò kọ́kọ́ rò pé ilé ẹjọ́ ni òun ṣèèṣì yà sí. Yóò bá géńdé ọkùnrin àti abilékọ tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí gbogbo wọn káwọ́ pọ̀nyìn bí ẹni tó fẹ́ rojọ́ níwájú adájọ́. Obìnrin kan tó sanra díẹ̀, tó wọ bàtà pẹlẹbẹ, yóò máa rìn lọ rìn bọ̀ níwájú wọn.

"Ọwọ́ dà?"

"Ó wà lẹ́yìn, mà."

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Ó ń dúró kí wọ́n pè é, mà."

Obìnrin yìí ni wọ́n ń pè ní Tíṣà Káwọ́-Pọ̀nyìn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùtọ́jú akàndá ẹ̀dá, àwọn tí yóò máa lọ láti ilé dé ilé láti ran ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e, tàbí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu, lọ́wọ́ kí ó lè dìde, kí ó wẹ̀, kí ó wọṣọ, kí ó sì jáde síta bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà débi pé àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ ti ń fi ọmọ tiwọn ránṣẹ́ sí i. Ohun èlò tó wà nínú gbọ̀ngàn náà kò pọ̀: ibùsùn onírin kan, àga onítáyà méjì tí ọ̀kan nínú wọn ń ké bí òròmọdìyẹ, ọpọ́n ìwẹ̀, tówẹ̀lì tí fífọ̀ ti sọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Òórùn búrẹ́dì gbígbóná a máa gba ojú fèrèsé wọlé, ebi a sì máa pa gbogbo wọn kí ó tó di ọ̀sán.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Tíṣà kì í kọ́ wọn ní nǹkan kan. Yóò ní kí ẹnì kan sùn sórí ibùsùn, kí ẹlòmíràn gbé e sórí àga. Ohun tí wọ́n bá ṣe ni yóò fi mọ irú ẹni tó wà níwájú òun.

Nínú kíláàsì tó gbà lọ́dún yìí, ọmọbìnrin kan wà tí ara rẹ̀ yá gágá, tó máa ń parí iṣẹ́ kí ẹlòmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Kíámọ́sá ni wọ́n ń pè é. Òun ló kọ́kọ́ na gbalaja sórí ibùsùn. Ọkùnrin tí Tíṣà ní kó gbé e ti lé ní ogójì ọdún, ó ga, ó fẹ̀, ojú sì ń tì í bí ẹni tó jókòó sórí àga onílé. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ ẹrù kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ńlá kí ó tó pinnu pé òun fẹ́ kọ́ṣẹ́ mìíràn, ìdí nìyẹn tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi sọ ọ́ ní Aláàárù. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ Kíámọ́sá, kí á tó ṣẹ́jú, ọmọbìnrin náà ti wà lókè téńté, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá ilẹ̀ kiri nínú afẹ́fẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́," ni Kíámọ́sá wí láti òkè, "ìyá mi ò ní ọmọ mìíràn."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Tíṣà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Aláàárù, ṣé ó sọ fún ọ pé òun ti ṣe tán?"

"Rárá, mà. Ẹ̀yin lẹ ní kí n gbé e."

"Èmi kọ́ ni mo wà lórí ibùsùn. Àpò símẹ́ǹtì kì í sọ pé òun ti ṣe tán. Ènìyàn a máa sọ. Gbé e kalẹ̀. Mo ní kí o gbé e kalẹ̀, mi ò ní kí o jù ú."

Ọjọ́ náà ló fún wọn ní òfin tó fẹ́ràn jù lọ: ẹni tí a ń gbé ni yóò kà. Bí olùtọ́jú tilẹ̀ lágbára bí erin, kò gbọdọ̀ ka nǹkan kan. Ẹni tó wà lórí ibùsùn ni yóò wí pé ení, èjì, ẹ̀ta, bó ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìgbà tó bá pe ẹ̀ta ni a óò tó gbé e. Bí ó bá wù ú kí ó sinmi láàárín èjì àti ẹ̀ta, kí olùtọ́jú dúró lórí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ yóò fi ìpéǹpéjú kà, tàbí ìka, tàbí èémí.

"Òun ló lara," ni Tíṣà máa ń wí. "Ẹ̀yin, ọwọ́ nìkan lẹ ní níbẹ̀."

Kò kà á nínú ìwé kankan. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ti kọ́ ọ. Láti inú oyún ni ara ẹ̀gbọ́n náà ti rí bó ṣe rí: apá kan le gbagidi, apá kejì ń fò fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ a máa pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó jáde, bí omi ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ há sí nínú. Àmọ́ bí ó bá jáde tán, ẹni tí a bá sọ ọ́ sí yóò rẹ́rìn-ín tàbí kí ó wá ibi tí yóò forí pamọ́ sí. Nígbà tó wà lọ́mọdé, bàbá wọn a máa gbé e lójijì láti ẹ̀yìn, òun a sì bú sẹ́kún. Wọ́n rò pé ẹlẹ́kún ọmọ ni. Lọ́jọ́ kan ó di ọrùn ọwọ́ bàbá mú, ó lanu títí, ó wí pé, "Ení." Bàbá dúró. Ó wí pé, "Èjì." Bàbá ṣì dúró. Nígbà tó pe ẹ̀ta, tí bàbá wá gbé e, kò sunkún. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé e láti ìgbà náà.

Bàbá ti kú, ìyá náà ti kú. Kí ìyá tó dákẹ́, ó mú ọwọ́ ọmọkùnrin, ó fi sínú ọwọ́ ọmọbìnrin. Ọkọ Tíṣà pẹ̀lú ti lọ, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti wà nílé ọkọ. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kù nínú ilé, bí eyín méjì tó ṣẹ́kù lẹ́nu arúgbó, tí wọn kò lè ṣe kí wọ́n má máa kan ara wọn. Láràárọ̀ kí ó tó lọ síbi iṣẹ́, òun ni yóò gbé e dìde, òun ni yóò wẹ̀ ẹ́, òun ni yóò gbé e jókòó sójú fèrèsé pẹ̀lú rédíò rẹ̀. Òun náà ló ń gẹ irun rẹ̀.

Lọ́dún yìí ni ìbàdí Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ó fi epo ìpara pa á, kò gbọ́. Nọ́ọ̀sì tó lọ bá tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó sì mi orí.

"Ìyá, ẹ ò gbọdọ̀ gbé nǹkan tó bá wúwo ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe nǹkan."

"Mo mọ̀, mà. Ṣùgbọ́n wọ́n wúwo ju ìkòkò lọ. Bí ẹ bá ń gbé wọn lọ báyìí, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa jọ wà lórí ibùsùn, ẹ ó sì máa wo ojú ara yín."

Bí ẹni tó ń fi olùtọ́jú ránṣẹ́ sílé onílé ṣe di ẹni tó ń wá olùtọ́jú nìyẹn. Oorun kò fi bẹ́ẹ̀ kùn ún mọ́. Ta ni yóò fọwọ́ kan ẹ̀gbọ́n òun tí ọwọ́ náà kò ní le? Ta ni yóò mọ̀ pé ẹsẹ̀ òsì kì í tètè balẹ̀? Nínú ọkàn rẹ̀, ó ti mú Kíámọ́sá. Ọwọ́ ọmọ náà rọ̀, ó mọ́ tónítóní, kò sí ìbéèrè tí kì í dáhùn nínú kíláàsì. Ó wá lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni tó ń mú ìròyìn ayọ̀ wá.

"Ṣé ìyàwó lò ń fẹ́ fún mi ni?" ni ẹ̀gbọ́n bi í, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jàjà jáde. "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí i. Mú èkejì wá pẹ̀lú. Ẹni tó gbé ọmọ ọlọ́mọ sókè bí àpò yẹn."

"Aláàárù? Ẹ̀gbọ́n mi, ó máa pa yín."

"Jẹ́ kó wá. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí nǹkan tuntun."

Tíṣà kábàámọ̀ pé òun sọ ìtàn náà fún un. Àmọ́ òun ló ń kọ́ àwọn ènìyàn pé ẹni tí a fẹ́ tọ́jú ló ń yan olùtọ́jú. Kò lè sọ tìhín kí ó tún sọ tọ̀hún.

Bí ó ṣe máa ń dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò náà ní òfin tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò wá sílé ẹni tó fẹ́ tọ́jú láàárọ̀, Tíṣà yóò sì jókòó sórí àpótí ní igun yàrá, ẹnu rẹ̀ ní pípa. Bí ó bá lanu pẹ́nrẹ́n kí iṣẹ́ tó parí, òun ni yóò jáde. Ó ti rí àwọn olùkọ́ tó máa ń dá sí gbogbo nǹkan, tí akẹ́kọ̀ọ́ á fi máa wo ojú olùkọ́ dípò ojú ẹni tó wà lórí ibùsùn. Láti ọjọ́ tó ti ṣe òfin náà, ẹnikẹ́ni kò tíì rán òun fúnra rẹ̀ jáde rí.

Kíámọ́sá ló kọ́kọ́ wá. Ó kan ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ kí àgbàlagbà náà, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé ẹ ti fẹ́ dìde, àbí kí n ṣì dúró?" Ohun gbogbo lọ bí ìgbà tí ènìyàn ń fa òwú lára abẹ́rẹ́. Ẹ̀gbọ́n wí pé ení, ó wí pé èjì, ó sinmi. Kíámọ́sá dúró lórí ìbẹ̀rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ètè ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í là, ó sì ti wà lórí àga bí ẹyin tí wọ́n gbé sínú òwú. Inú Tíṣà dùn ní igun tó wà.

Ìgbà tí ọmọ náà lọ tán ló sún mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ó dáa, àbí kò dáa?"

"Ọmọ gidi ni. Ọwọ́ rẹ̀ tutù." Ó mí, ó kó ìyókù jọ. "Ṣùgbọ́n èjì àbọ̀ ló gbé mi."

"Ẹnu yín ti fẹ́ẹ̀ sọ ọ́ tán."

"Ó fẹ́ sọ ọ́ ni. Kò tíì sọ ọ́. Kí ó lọ fi àbọ̀ tó kù kún un, ó máa dáa gan-an."

Tíṣà rò nínú ara rẹ̀ pé àgbà ti ń mú kí ẹ̀gbọ́n òun máa wá eegun nínú ẹ̀kọ. Ó gbé abọ́ oúnjẹ àárọ̀ kúrò níbẹ̀, ó sì gbé e kalẹ̀ ní ilé ìdáná pẹ̀lú ariwo díẹ̀ ju bó ti yẹ lọ.

Ọjọ́ kejì ni Aláàárù dé. Ó kún ẹnu ọ̀nà débi pé yàrá náà ṣókùnkùn. Ó kí wọn, ó nu ẹsẹ̀, ó lọ fọwọ́. Ó fọ ọ́, ó tún un fọ̀.

"Ṣé o fẹ́ pààrọ̀ ọwọ́ náà ni?" ni ẹ̀gbọ́n bi í.

"Rárá, sà. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Ẹ̀rù mi?"

Aláàárù fi àgbọ̀n júwe igun tí Tíṣà jókòó sí. "Ẹ̀rù wọn, sà."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí apá rẹ̀ fò, tó gbá ìrọ̀rí ṣubú. Aláàárù kò mú ìrọ̀rí náà nílẹ̀. Ó káwọ́ pọ̀nyìn, ó dúró. Ó pẹ́ kí ẹ̀gbọ́n tó ní kí ó mú un. Lẹ́yìn náà ló béèrè ibi tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ kí ọwọ́ òun wà, ẹ̀gbọ́n júwe, ó ti ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ení," ni ẹ̀gbọ́n wí.

Alùpùpù kan kọjá níta. Ẹnìkan ń gbálẹ̀.

"Èjì."

Ó gbójú sókè, ó ń wo àjà bí ẹni tó fẹ́ rà á. Òógùn yọ lórí imú Aláàárù, ó rìn wá sí ṣóńṣó imú, ó dúró níbẹ̀. Aláàárù kò nù ún. Ní igun, Tíṣà ń wo ẹsẹ̀ òsì tó ti yí díẹ̀, ìbàdí rẹ̀ sì ń lù kìkì bí ẹni pé òun ló wà lórí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ là. Ó mọ ẹnu náà ju tirẹ̀ lọ.

"Ẹ̀ta," ni ohùn kan wí.

Kì í ṣe láti orí ibùsùn. Tíṣà kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà, kí ó lè mọ ẹni tó wọlé wá dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án. Kò rí ẹnikẹ́ni. Nígbà náà ló tó mọ ẹni tó sọ̀rọ̀.

Aláàárù kò mira. Ọwọ́ rẹ̀ wà níbi tó wà, orí rẹ̀ kò yí.

"Tíṣà, ẹ má bínú," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀ta lẹ́nu ẹni tí mo fẹ́ gbé."

"Mo mọ̀."

"Àti pé, mà…" ló fi kún un. "Ẹ̀yin lẹ sọ pé bí ẹni tó jókòó sí igun bá lanu, kí ó jáde."

"Nínú ilé mi?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, mà."

Tíṣà wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń retí kí ó gbèjà òun. Ẹ̀gbọ́n ń wá ọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì dúró dè é, èyí tó wà lórí ìbẹ̀rẹ̀ àti èyí tó ti dìde lórí àpótí.

"Lọ, àbúrò mi," ló sọ níkẹyìn. "Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti pe ẹ̀ta kẹ́yìn nínú ilé yìí."

Tíṣà jáde, ó sì fa ilẹ̀kùn náà dé lẹ́yìn ara rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà kò gùn, ó sì dúró sí àárín rẹ̀ bí àlejò. Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Láti ìgbà tí ìbàdí ti ń dùn ún, bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí ibùsùn, tí ẹ̀gbọ́n ti pe ení, tó ti pe èjì, ìrora náà á ti dé ọrùn rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á sì fi ẹ̀ta parí rẹ̀, á gbé e, kí ó lè tètè nàró. Láràárọ̀. Ó ń ṣe é, kò sì gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Yóò wá kúrò níbẹ̀, yóò lọ sí gbọ̀ngàn lẹ́yìn ilé búrẹ́dì, yóò sì dúró níwájú àwọn ènìyàn láti kọ́ wọn pé ẹni tí a ń gbé ni yóò kà.

Ó ń rò ó lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ọ láti inú yàrá, ó lọ́ra, ó ki, ó dún ketekete: ẹ̀ta. Àga onítáyà dún lẹ́yìn rẹ̀.

Ó lọ sí ilé ìdáná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àwọn abọ́ tó ti fọ̀. Ó gbọ́ tí omi ń dà. Ó gbọ́ tí nǹkan kan ṣubú gbàgà, ó ju kànìnkànìn sílẹ̀, ó rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn yàrá, ọwọ́ rẹ̀ kan irin tí wọ́n fi ń ṣí i. Ẹ̀rín ló gbọ́ nínú yàrá, ẹ̀rín ọkùnrin méjì. Ó dúró díẹ̀, omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì padà sídìí abọ́.

Nígbà tí wọ́n jáde, ẹ̀gbọ́n ti wọ ẹ̀wù aláràbarà kan tí Tíṣà ti rò pé kòkòrò ti jẹ.

"Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀."

"Kí ló ṣe irun tí mò ń bá yín gẹ̀?"

"O ò tíì wò ó láti ẹ̀yìn rí."

Tíṣà wo Aláàárù. Aláàárù ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tọkàntọkàn.

"Orí yín máa ń fò, ẹ̀gbọ́n mi. Abẹ ni onígbàjámọ̀ ń lò."

"Màá sọ fún un pé ó ń fò. Mo ṣì ní ẹnu."

"Ṣé kí n bá yín lọ ni?"

"Ṣé ohun tí nọ́ọ̀sì ní kí o máa ṣe nìyẹn?"

Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀ sójú títì. Ìyá aránṣọ tó wà ní òdìkejì yọ orí jáde, sísọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kígbe sí Aláàárù pé, "Ara Bọ̀ọ̀dá ńkọ́ lónìí?" Aláàárù dá àga dúró. Ó wo ẹni tó wà lórí àga, ó sì ń dúró. Aránṣọ náà kò mọ ohun tó yẹ kí òun ṣe, ló bá dúró pẹ̀lú. Nígbà tó yá ó sọ̀kalẹ̀ lórí pèpéle rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé etí sún mọ́ ọn. Tíṣà kò gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ. Ohun tó rí ni pé aránṣọ náà fọwọ́ gbá itan, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Gbogbo ọdún tí wọ́n ti jọ wà ládùúgbò, Tíṣà kò rí i kí ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Òun Tíṣà ló máa ń dáhùn pé, "Wọ́n wà dáadáa, a dúpẹ́."

Ó wọlé, ó sì dùbúlẹ̀ lójú ọ̀sán. Ìbàdí rẹ̀ dákẹ́ díẹ̀.

Wọ́n padà dé, orí ẹ̀gbọ́n ń dán, ó sì jọ bàbá wọn tó bẹ́ẹ̀ tí Tíṣà fi di ẹnu mú. Abẹ ti ha á díẹ̀ lẹ́yìn etí, ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ sì ti gbẹ. Tíṣà rí i. Aláàárù náà rí i pé ó ti rí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, àmọ́ ẹ̀gbọ́n gbọ́wọ́ sókè.

"Mo fò lójú abẹ," ló wí. "Onígbàjámọ̀ náà tọrọ àforíjì, mo dárí jì í. Ó tán."

Tíṣà ní nǹkan mẹ́wàá láti sọ. Ó gbé wọn mì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kọjú sí Aláàárù, ó ní, "Lọ́la, ìgbà wo lo máa…" Ó dúró. Ó yíjú padà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Bí ó bá jẹ́ pé òun lẹ fẹ́, ìgbà wo lẹ fẹ́ kí ó máa dé?"

"Òun ni mo fẹ́," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Kí ó má sì tètè dé. Mo fẹ́ràn oorun àárọ̀."

Ìdájí ni Tíṣà ti ń jí i láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú, kí òun lè ráyè lọ síbi iṣẹ́.

"Ẹ ò sọ fún mi rí," ló wí.

Ẹ̀gbọ́n lanu láti dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ náà há sí ọ̀nà, ó sì dà bí ẹni pé yóò gùn. Tíṣà fa àga kan sún mọ́ ọn, ó jókòó, ó sì ń retí rẹ̀.